Eré Pẹ̀lú Ọmọ Kékeré: Ẹ̀kọ́ fún Òbí láti Àdúgbò Òkè-Àdó

Púpọ̀ nínú àwọn òbí ni ó gbà pé bí ọmọ kékeré bá ti yó, tí ó wọ aṣọ tí ó mọ́, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, iṣẹ́ wọn ti parí títí di ọjọ́ tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́. Lójú wọn, eré jẹ́ ohun tí ọmọ fi ń pa ọ̀sán. Àgbà kò ní ìpín nínú rẹ̀. Èrò yìí ni ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Àdúgbò Òkè-Àdó ní ìlú Ìbàdàn ni yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí bí ìgbé ayé ìdílé ti yí padà, àti ohun tí ìyípadà náà gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu láti gbà á.

AGBO ILÉ ÀTI ILÉ OLÓJÚ TÍTÌ

Ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní ẹsẹ̀ òkè Màpó àti ní Bẹ́yẹrúnkà, inú agbo ilé ni àwọn ènìyàn ń gbé, púpọ̀ sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Nínú agbo ilé, ọmọ kékeré kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ nìkan. Bí ìyá bá ń dáná, ìyá àgbà á gbé e pọ̀n. Bí ó bá rẹ ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ á fà á lọ́wọ́ jáde sí ojúde. Bàbá àgbà á pè é, á bù fún un nínú ẹ̀kọ rẹ̀, á sì ní kí ó jó kí òun rí i. Ìyàwó ilé tí ó ń kọjá lọ á kì í ní oríkì, ọmọ náà á sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó sọ pé òun fẹ́ bá ọmọ ṣeré. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti gun ẹ̀yìn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti gbọ́ ohùn ogún ènìyàn, ó sì ti sáré yí agbo ilé ká títí oorun fi gbé e. Bí òṣùpá bá lé, àlọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Òkè-Àdó gbà dàgbà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, òwò gbòòrò, àwọn àlejò sì ń rọ́ wọlé láti ìlú mìíràn. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ nínú wọn, Òkè-Àdó sì di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí. Àwọn oníṣòwò, akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ìlà-ìlà, wọ́n sì ń fi yàrá háyà. Ibẹ̀ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ilé sí ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ kọ́ Pápá Ìṣeré Liberty sí, tí wọ́n ṣí ní 1960. Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìsọ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò náà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni ojúde.

Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Aládùúgbò lè jẹ́ ènìyàn rere, ṣùgbọ́n ìlú tirẹ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ náà sì ń dúró dè é. Ìyá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní abúlé. Ẹ̀gbọ́n tí ì bá fa ọmọ lọ́wọ́ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó la àárín àwọn yàrá ni ọmọ fi ń ṣe pápá, ibẹ̀ náà ni àwọn àgbà sì ń gbé sítóòfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sí. Iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá ń ṣe fún ọmọ kan nínú agbo ilé ti bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn méjì, àwọn méjèèjì náà sì ń jáde lọ wá oúnjẹ òòjọ́ láti òwúrọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé agbo ilé kò ní àléébù. Ìjà orogún wà níbẹ̀, àrùn a máa ràn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì kú kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé. Ẹni tí ó bá ń ṣàárò ayé àtijọ́ yẹ kí ó rántí sàréè àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Kò sí ìdí láti padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè ní iṣẹ́, tí àwọn ará ilé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ ṣègbé nítorí pé àwọn ará ilé kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá àti ìyá ni ó kù tí yóò ṣe é, wọ́n sì ní láti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

OHUN TÍ ERÉ Ń ṢE NÍNÚ ỌMỌ

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun ńlá ni, àǹfààní rẹ̀ sì dé ilé tálákà àti olówó. Ṣùgbọ́n ó mú kí ọ̀pọ̀ òbí máa ka ọjọ́ tí ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọn oníṣègùn mọ̀ pé nígbà tí ọmọ bá fi pé ọdún 3, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọpọlọ àgbàlagbà ní títóbi. Ọdún wọ̀nyẹn, tí olùkọ́ kò tíì rí ọmọ náà rí, ni ọpọlọ rẹ̀ ń yára dàgbà jùlọ. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú orí, ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ọmọ oṣù mẹ́fà sọ pé "bà". Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó sì dá a lóhùn pé "bàbá ń bọ̀". Ọmọ náà ti mọ̀ pé ohùn òun lè mú kí ẹlòmíràn yíjú. Yóò tún un ṣe. Ọmọ ọdún kan ju ṣíbí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un fún un, ó tún jù ú. Àgbà rò pé ìwà burúkú ni, àmọ́ ọmọ náà ń wádìí bóyá nǹkan a máa já bọ́ nígbà gbogbo, àti bóyá ẹ̀gbọ́n òun yóò tún mú un wá. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò, sùúrù àti ìfẹ́ sí ọmọnìkejì ń ti inú irú nǹkan kéékèèké báyìí bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ọmọ náà a dẹ́kun láti máa béèrè.

Ẹ̀rí kan wá láti ìlú Kingston ní orílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Ní 1986 àti 1987, oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan ọmọ 129 ní àdúgbò àwọn tálákà. Ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 9 sí oṣù 24, gbogbo wọn ni kò sì ga tó bí ó ti yẹ nítorí àìjẹunre. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń gba oúnjẹ tí a fi mílíìkì ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sí ilé àwọn kan, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń lọ fún wákàtí 1 lọ́sẹ̀, fún ọdún 2 gbáko, láti fi han ìyá bí yóò ṣe máa bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń gba méjèèjì, àwọn kan kò sì gba ọ̀kankan. Ohun ìṣeré tí wọ́n ń lò kì í ṣe olówó ńlá. Ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé ni ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn olùwádìí náà kò fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀. Wọ́n ń wá wọn rí bí wọ́n ti ń dàgbà, títí wọ́n fi di géńdé. Ní 2014, wọ́n tẹ àbájáde kan jáde: nígbà tí wọ́n pé nǹkan bí ọdún 22, owó tí ń wọlé fún àwọn tí wọ́n bá ṣeré ní kékeré fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Owó kọ́ ni ìdí tí ènìyàn fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ pé àkókò ṣòfò ni yóò rí i pé kì í ṣe àwọn onílé ńlá ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Tálákà ni wọ́n, bí ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ní Òkè-Àdó.

ÌWỌ̀N TÍ Ó YẸ

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde ní 2019 lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì máa rákò yẹ kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ẹní, nígbà tí ojú rẹ̀ là tí àgbà sì ń ṣọ́ ọ, títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 30 láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún 1 títí dé ọdún 4 yẹ kí ó lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 lóòjọ́, èyí ni wákàtí 3. Kò di dandan kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ọmọ ọdún 3 àti ọdún 4, ó kéré tán 60 nínú ìṣẹ́jú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti eré tí yóò mú un mí hẹlẹhẹlẹ: eré sísá, fífò, ijó. Ọmọ ọdún 1 sí 2 yẹ kí ó sùn fún wákàtí 11 sí 14, oorun ọ̀sán pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 3 sí 4 fún wákàtí 10 sí 13.

Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn náà kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ọmọ mọ́ ojú kan fún ohun tí ó ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, ìbáà ṣe lórí àga, ìbáà ṣe ní ẹ̀yìn ìyá. Ẹ̀yìn ìyá dára. Ó gbóná, ọmọ ń gbọ́ ohùn tí ó mọ̀ níbẹ̀, ó sì ń wo ayé láti ibi gíga. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti lè dúró, tí wọ́n wá fi ọ̀já dì mọ́ ẹ̀yìn láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀ ní ìsọ̀, kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lò. Ìyá tí kò lè sọ ọ́ kalẹ̀ nítorí ọkọ̀ lè bá ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ṣe àdéhùn: kí ọ̀kan máa ṣọ́ ọjà, kí èkejì tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ìsọ̀, kí àwọn ọmọ méjèèjì rìn níbẹ̀.

Àjọ náà tún sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má ṣe jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí WNTV ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1959. Pálọ̀ ni ẹ̀rọ ìgbà náà ń gbé, gbogbo ilé ni ó sì ń wò ó pọ̀. Fóònù yàtọ̀: ó ń bá ọmọ wọ orí ibùsùn. Fóònù a máa mú kí ọmọ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yìí sì ni ó ń tan òbí jẹ, nítorí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí ọmọ tí kò sunkún. Àwòrán inú fóònù ń sọ̀rọ̀ láìdúró, kò sì lè gbọ́ nígbà tí ọmọ bá sọ pé "bà".

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan kan ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ náà. Àwọn ènìyàn ń pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi, orúkọ náà sì fi hàn kedere ẹni tí wọ́n rò pé ó ń ṣe láǹfààní. Èyí tí ó dára nínú wọn a máa jẹ́ kí ọmọ sáré, kí ó kọrin, kí ó fi iyanrìn mọ ilé. Èyí tí ó ń mú ọmọ ọdún 3 jókòó sórí àga láti àárọ̀ kí ó lè máa kọ A, B, D kò yẹ ní ohun tí òbí ń san owó fún.

NÍBO NI ÀKÓKÒ WÀ?

Ẹ fi ojú inú wo ìdílé kan. Bàbá ń ṣe iṣẹ́ rewáyà, ìyá ń ta aṣọ ní Gbági. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní: ọmọ ọdún 5, ọmọ ọdún 3 àti ọmọ oṣù 8. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó dé ilé. Oúnjẹ kò tíì sí lórí iná, omi kò sí nínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ti rẹ àwọn méjèèjì. Bí ènìyàn bá wá sọ fún wọn pé kí wọ́n wá wákàtí kan fún eré, wọ́n yóò rò pé ẹni náà kò mọ ohun tí ojú ń rí.

Àkókò náà wà nínú iṣẹ́ ilé fúnra rẹ̀. Bí ìyá bá ń ṣa ẹ̀wà, kí ọmọ ọdún 3 jókòó tì í, kí ó máa wá òkúta, kí ó sì máa kà á bí ó ti ń rí i. Bí wọ́n bá ń ká aṣọ, kí ó máa sọ ẹni tí ó ni èyí àti ẹni tí ó ni ìyẹn, kí ó máa sáré gbé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sí ààyè rẹ̀. Ọmọ ọdún 5 lè fi kọ́ọ̀bù gbé omi láti ìdí ẹ̀rọ wá sí ilé ìdáná láìdà á. Bí ó bá sì dà á, omi lásán ni. Ní ibi ìwẹ̀, ìyá lè dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara bí ọṣẹ ti ń dé ibẹ̀, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì wọ́n pè, kí ó pe etí ní imú, kí ọmọ máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa tún un ṣe. Iṣẹ́ yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ̀wà tí ì bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò gba ogún. Ohun tí eré náà ná wọn kò ju ìyẹn lọ.

Ti bàbá ni ó máa ń nira. Kì í ṣe pé bàbá kò fẹ́ràn ọmọ. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni pé bí òun bá fi ẹ̀yìn ṣe ẹṣin fún ọmọ ọdún 3, ọmọ náà kò ní bọ̀wọ̀ fún òun mọ́. Ìbẹ̀rù yìí kò ní ìpìlẹ̀. Eré ní òfin ju bí àgbà ti rò lọ. Nínú ẹkùn-mẹ́ran, ọmọ tí ó ṣe ẹkùn gbọ́dọ̀ gbà láti ṣe ẹran nígbà tí ó bá kàn án. Nínú bojúbojú, ẹni tí ó bá ṣí ojú wò kí àkókò tó pé ti rú òfin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbà fún un. Ọmọ tí ó ti gbọ́ "dúró" àti "ó kàn ọ́" láti ẹnu bàbá rẹ̀ nínú eré yóò gbọ́ ọ kíákíá ní ẹ̀bá títì, níbi tí ọ̀kadà ti ń sáré bọ̀. Bàbá tí ó jẹ́ pé ìbáwí nìkan ni ọmọ ń gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ ń sá wọlé nígbà tí ó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ọ̀wọ̀.

Nítorí náà, kí bàbá inú àpẹẹrẹ yìí bọ́ bàtà, kí ó gbé fóònù sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó sì jókòó sí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oúnjẹ tó jinná. Ọmọ oṣù 8 ń fẹ́ kí ó fi aṣọ bo ojú kí ó sì ṣí i. Ọmọ ọdún 3 fẹ́ gun ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 5 fẹ́ jàkadì, kí bàbá sì ṣubú. Kìlọ̀kìlọ̀ kan wà níhìn-ín: kò yẹ láti máa ju ọmọ ọwọ́ sókè tàbí láti máa mì í jìgìjìgì, bí ó ti wù kí ó máa rẹ́rìn-ín tó. Ọrùn rẹ̀ kò tíì le, mímì líle sì lè ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe.

OHUN ÌṢERÉ TÍ KÒ NÁ NI LÓWÓ

Ìtàn Ìbàdàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gun orí òkè lọ, wọ́n ń jẹ ìgbín àti èso òro, wọ́n sì ń fi ìkarahun ìgbín mu ẹ̀kọ. Láti ara ìkarahun náà ni àwọn ọmọdé ti ń rí òkòtó. Ibi ṣóńṣó ìkarahun ni wọ́n ń gé, wọ́n á fi okùta ha etí rẹ̀ kí ó dọ́gba, wọ́n á sì fi ìka ta á kí ó máa yí bìrìbìrì lórí ilẹ̀. Bàbá tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe yẹ kí ó ṣe é níwájú ọmọ, kí ọmọ rí bí nǹkan ti ń di ohun tuntun lọ́wọ́ ènìyàn. Agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ń di ọkọ̀, bí bàbá bá ti fi òòlù tẹ etí agolo náà wọlé kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Páálí ńlá kan láti ìsọ̀ lè di ilé, kí ó di ọkọ̀ ojú irin, kí ó sì di ilé padà ní ọ̀sán kan.

Àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ lè fi ẹfun fa sùwé sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí àwọn ayálégbé yòókù bá gbà. Ayò ń kọ́ni ní ìṣirò ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ: ojú 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48, ẹni tí yóò jẹ sì ní láti kà á kí ó tó gbé e. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò, bílíísì àti ẹ̀pà kò gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, nítorí wọ́n lè há a lọ́fun. Fún àṣálẹ́, àlọ́ ṣì wà. Ìyá àgbà tí ó wà ní Ìjẹ̀bú lè pa á lórí fóònù; ìlò kan nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò lè bá fóònù wí sí.

JÍJÁDE PẸ̀LÚ ỌMỌ

Ìdílé tí ó bá ń gbé Òkè-Àdó kò nílò owó púpọ̀ láti jáde ní ọjọ́ ìsinmi. Pápá Ìṣeré Liberty, tí wọ́n sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010, wà nítòsí. Bí wọ́n bá rìn yí i ká, bàbá lè sọ fún ọmọ pé ibẹ̀ ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí ó sì fi di oyè ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé rẹ̀ mú. Ọmọ yóò fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n tó dé ilé. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ní àkàsọ̀ tí ẹsẹ̀ kékeré lè gùn. Ní Òkè Àrẹ, ilé ìṣọ́ Bower wà, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, kí ọmọ ka àkàsọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń gùn ún, kí ó sì wá òrùlé ilé tirẹ̀ láàárín páànù pupa tí ó lọ bẹẹrẹbẹ. Ọgbà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn jìnnà díẹ̀, ó sì ń gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti gbọ́ nípa kìnnìún nínú àlọ́ yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan.

Ewu ń bẹ lóde, kò sì yẹ kí wọ́n fi bò. Ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú ọwọ́ àgbà ní gbogbo ìgbà lẹ́bàá títì. Ìgbà òjò kì í ṣe ìgbà àtirìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tàbí odò. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún àkúnya tí ó sì gbé ènìyàn lọ pẹ̀lú ilé wọn. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, eré inú ilé ni.

Àwọn tí ń gbé abúlé lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n, nítorí ojúde wà lọ́dọ̀ wọn, ìyá àgbà sì wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọmọ abúlé ń sáré tó. Ohun tí ó lè ṣàìní ni ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, pàápàá ní ìgbà iṣẹ́ oko, nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tí òun náà ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀nà oko gùn; ó dára fún kíka ẹyẹ, fún dídárúkọ igi àti fún àlọ́ àpamọ̀.

Òfin pàápàá ti dá sí i. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ní 2003 sì sọ bẹ́ẹ̀. Láti 2024, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Eré ní gbogbo àgbáyé.

FÚN ILÉ ÌKÀWÉ

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ẹ̀kọ́ yìí tán, kí olùkàwé bi àwọn àgbà tí ó wà níjòókòó léèrè eré tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó pé ọdún 6, àti ẹni tí ó kọ́ wọn. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ kọ orúkọ eré kọ̀ọ̀kan àti òfin rẹ̀ sí inú ìwé kan tí yóò máa wà ní ilé ìkàwé. Kí àwọn bàbá sọ, láìtijú, ìgbà tí wọ́n jókòó sí ilẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ní ìkarahun ìgbín nílé lè mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, pẹ̀lú okùta tí yóò fi ha á, kí àwọn tí ó ti gbàgbé bí wọ́n ti ń ṣe òkòtó tún un kọ́ níwájú àwọn ọmọ.